Ta Ni Yóò Tọ́jú Tésàn Lálúpọn?

Ní ọjọ́ 10 oṣù June 2021 tí Ààrẹ Buhari ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, inú mi dùn bíi ti gbogbo èèyàn. Tésàn Mọ́níyà, ní Akínyẹlé níbí, rẹwà lójú, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú irin kan ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ti Mọ́níyà tó dé, èyí tó gba Lágelú kọjá lọ sí Òṣogbo, a sì ti ń ṣe é bí ohun tí kò ní ìtàn. Lórí rẹ̀ ni tésàn Lálúpọn wà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú gba tésàn náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rélùwéè, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìtàn ìlú, nígbà tí àwọn tó mọ ìtàn náà ṣì wà láyé.

Alákíà ni mo ń gbé báyìí, ariwo bàálù ló ń jí mi. Ìdí rélùwéè Lálúpọn ni ìyá mi ti ta àkàrà àti ẹ̀kọ tọ́ wa dàgbà. Tí wọ́n bá ti lu irin tí wọ́n so kọ́ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá tésàn, a ti mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ìyá mi á gbé igbá karí, ó di etí ojú irin. Ojú fèrèsé ni èrò ti ń rà. Ìyá mi á kọ́kọ́ di owó mú ṣinṣin kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀kọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra. Tó bá wá gbéra tí ṣéńjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sáré tẹ̀lé fèrèsé yẹn, á ju kọ́bọ̀ sínú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dé Ìwó kó ní obìnrin Lálúpọn gbé owó òun lọ.

Ojú irin kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ pàdé lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà kì í fi í kúrò ní tésàn àfi tí ọ̀gá tésàn bá fi irin àmì lé e lọ́wọ́, tó jẹ́ àṣẹ pé ọ̀nà ṣófo títí dé tésàn tó kàn. Bí wọ́n ṣe ń gbà á nìyẹn, tí wọ́n ń fi í lélẹ̀, láti Lálúpọn dé Ìwó, dé Ẹdẹ, dé Òṣogbo. Ẹ̀mí èèyàn rẹpẹtẹ wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jókòó sí ìlú kékeré. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fọwọ́ kan irin náà.

Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà yìí láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù March 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe là á. Kòkó àti ekùrọ́ ni wọ́n fẹ́ kó dé etíkun. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò kàn káwọ́ gbera. Obì wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Haúsá, màlúù wọ ọkọ̀ bọ̀. Sábó Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, òwò méjèèjì yẹn ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjàm̀bá 1957. Ní ìparí oṣù September ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin kan ṣubú nítòsí Lálúpọn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú. Ọmọdé ni mí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé igbá àkàrà wà ní ìdojúdé nílé wa, ìyá mi kò sì jẹ́ kí a sún mọ́ ọ̀nà tésàn. Àwọn tó kú yẹn ní ọmọ, wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọkọ. Gbogbo orúkọ wọn tí a bá rí nínú ìwé rélùwéè àti nínú ìwé ìròyìn ìgbà náà ni mo fẹ́ kí a kọ sára ògiri tésàn yẹn. Bí kò bá sí ìdí mìíràn láti tọ́jú rẹ̀, èyí tó.

Àwọn kan á bi mí pé owó dà. Ẹ wo Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898. Ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó fẹ́ràn ilé àtijọ́, ló fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n tún un ṣe, tó di ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò àti ohun èlò rélùwéè sí. Tésàn ìlú kékeré kò lè náni tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ọkọ̀ ṣì lè padà máa ná ọ̀nà náà. Àdúrà mi nìyẹn! Láyé Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun fi ń kó àwọn ará Èkó wálé ọdún, orí irin yìí ló gbà. Ilé ìtàn kò ní dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ń hú irin tà fún oní-kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ló ń dí i lọ́wọ́, wọn kì í sì í débi tí èèyàn bá ti ń wọlé tó ń jáde.

Orí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì rélùwéè tó kù lágbègbè wa ti funfun. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ pè wọ́n jọ, kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí olúkúlùkù mú fọ́tò, fèrè tàbí yúnífọ́ọ̀mù tó bá tọ́jú wá. Kí wọ́n wá kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, kí wọ́n béèrè kọ́kọ́rọ́ tésàn náà.