Ọjọ́ Tí Mo Fi Owó Ra Àmín

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi jù nínú rẹ̀.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń ṣe digital marketing wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Daddy, ìwàásù yín dáa, àmọ́ ayé ò gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká boost yín." Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń boost bátìrì ọkọ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé a máa sanwó fún iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ wa síwájú àwọn tí kò mọ̀ wá rí. A lè yan ibi tí wọ́n ń gbé, ọjọ́ orí wọn, ohun tí wọ́n fẹ́ràn, àti iye ọjọ́ tí ìpolówó náà máa fi wà níta. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Mo ní rárá, gbogbo Nàìjíríà ni! Mo yọ ₦40,000 nínú owó ìjíhìnrere, mo kó o fún un.

Ó ya mí ní fọ́tò, ó sì gbé fọ́tò náà sínú ọ̀kan nínú àwọn software AI tó wà níta báyìí. Nígbà tó fi máa gbé e padà wá, gbogbo ewú orí mi ti lọ, ikùn mi ti wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Apakun níbí, tí kò gbà ju àga oníke 120 lọ, ti di gbọ̀ngàn ńlá tí iná búlúù ń tàn yòò nínú rẹ̀. Ìyàwó mi wo fóònù títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni pásítọ̀ yìí? Ṣé ẹ fẹ́ pè é wá wàásù fún wa ni?" A jọ rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n gbé e jáde. Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn o. Irọ́ ti wọlé, a sì ń pè é ní design.

Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Tẹ Àmín tó o bá gbà gbọ́." Há! Àmín ń rọ̀ bí òjò oṣù keje. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, like ti lé ní 6,000, fídíò ìwàásù ti ní 11,000 views. Orun dá lójú mi. Aago méjì òru, mo dìde jókòó. Ìyàwó mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Like ni mò ń kà.

Nígbà tó di Sátidé, mo ní kí àwọn ọ́ṣà lọ yá ogójì àga kún tiwa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó wá nípasẹ̀ ìpolówó yẹn jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo. Ó wọlé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ń wá gbọ̀ngàn tó rí nínú fọ́tò. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá mi. Lásipíkà ló ń tà. Ó ní òun rò pé ibi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ á nílò lásipíkà púpọ̀. Marketing tiẹ̀ lòun náà wá ṣe!

Mo pe ọmọ wa, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, "Daddy, wọ́n bi wá pé kí la fẹ́. Wọ́n ní ṣé kí èèyàn rí i ni, àbí kí wọ́n kọ̀wé sí wa, àbí kí wọ́n fèsì sí i. Fífèsì la yàn." Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ náà lọ wá àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tẹ nǹkan. Ẹni tó tẹ Àmín sí tèmi láàárọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ sí ọjọ́ ìbí olóṣèlú lọ́sàn-án, kó tún tẹ̀ ẹ́ sí fọ́tò màlúù lálẹ́. Ẹni tó máa tẹ fóònù la béèrè, òun náà ni wọ́n fún wa. Ẹni tó máa wọ dánfó wá sí Apakun kọ́.

Àwọn views ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀. Nígbà kan, bí fídíò bá ti lo ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré lójú èèyàn, Facebook máa ń kà á sí pé ó ti wò ó. Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ náà fúnra wọn jẹ́wọ́ pé iye àkókò tí àwọn ń sọ fún àwọn olùpolówó pé èèyàn fi ń wo fídíò ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí wọn kì í ka àwọn tí kò wò ó tó ìṣẹ́jú-àáyá 3 mọ́ ìṣirò náà. Ìṣẹ́jú-àáyá 3! Èmi pásítọ̀ yín ò tíì parí "Ẹ yin Olúwa" láàárín ìyẹn.

Àmọ́ èyí kọ́ ló dùn mí jù. Bí mo ṣe ń wo ogójì àga tá a yá tó ṣófo lọ́jọ́ náà, mo rí i pé ọ̀kan nínú àga tiwa gan-an ṣófo. Ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Màmá tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ló máa ń jókòó síbẹ̀. Mo bi àwọn ọ́ṣà. Èyí wo tọ̀hún, tọ̀hún wo èyí. Ìgbà tá a ṣírò ọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta tí Màmá ò ti wá nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti ìyàwó mi rìn lọ sílé wọn. Ìrìn náà ò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò lè dìde. Aládùúgbò ló ń bá wọn pọn omi. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọn ò rí ìpolówó kankan. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Pásítọ̀ mi, mo mọ̀ pé ẹ máa wá. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún yín."

Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ kíka like. Ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ní ohun tá à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Mo sanwó kí n lè dé Sókótó lóòótọ́, mi ò sì dé òpópónà kejì.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o. Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ó pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lo ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni Henry Townsend tó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859. Nígbà tí wọ́n sé Èkó mọ́lé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, inú fóònù la ti ṣe ìsìn. Pọ́ọ̀lù náà, lẹ́tà ni íntánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Kò tíì dé Róòmù rí nígbà tó kọ̀wé sí wọn. Síbẹ̀, ẹ ṣí orí 16 ìwé náà kẹ́ ẹ wò ó. Ó dárúkọ èèyàn tó lé ní ogún, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí Pírísíkílà àti Ákúílà. Ó kí ìyá Rúfù, tó ti dà bí ìyá fún òun náà. Kò kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin follower mi, mo kí gbogbo yín o."

Olùṣọ́-àgùntàn inú Lúùkù 15 náà kà wọ́n. Ìyẹn ló fi mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù nínú ọgọ́rùn-ún. Kíkà kọ́ ló burú nígbà náà. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, àwọn wo là ń kà? Àgùntàn lọkùnrin yẹn kà, kò ka àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń wo àgùntàn.

Nítorí náà, nǹkan ti yí padà. Ìkànnì wa ò ní kú, àmọ́ fọ́tò mi ti padà síbẹ̀ tewú tewú, tikùn tikùn. A ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó tẹ Àmín. Ọmọ wa onídigital ti ṣe ìwé orúkọ sórí Google Sheets, àwọn ọ́ṣà ń sàmì síbẹ̀ bí ìsìn bá ti parí. Tó bá máa fi di alẹ́ Túsìdeè, a ti pe gbogbo ẹni tí a ò rí. Ẹni tí kò bá gbé e, a óò fẹsẹ̀ rìn lọ. Owó boost ti di owó káàdì ìpè, ó sì tó bẹ́ẹ̀, torí láti ìgbà tí NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé owó ìpè àti dátà lè fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, káàdì ò ṣeé fi ṣeré mọ́. Ọmọ náà sọ fún mi pé iṣẹ́ marketing tó dáa jù tí òun ṣe rí nìyí.

Màmá ti padà sórí àga wọn, ògo ni fún Ọlọ́run.

Tó o bá fẹ́ ṣe Àmín sí ọ̀rọ̀ yìí, jọ̀ọ́, má tẹ̀ ẹ́ síbí. Gbé fóònù ẹ, pe ẹnì kan tó o ò rí láti ọjọ́ mẹ́ta, kó o bi í pé, "Ṣé kò sí o?" Àmín tèmi nìyẹn.

Èmi ni pásítọ̀ yín ní Apakun, ewú mi pé.