Ìdí Tí Kernel Fi Ń Ṣíwájú

Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà yín ń ṣe make buildworld, ẹ má fòyà. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí iná bá dé, kí ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀. Àmọ́ bó bá lọ láàárín make installworld, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀fà wa yìí ní 1992 ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan nílé tó fẹ́ fi kọ́ṣẹ́.

FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà (operating system) tó ni àwọn àṣẹ yìí, ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Ọdún 1993 ló kọ́kọ́ jáde, láti ara iṣẹ́ tí Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ṣe lórí Unix. Àwọn àgbà nídìí nẹ́tíwọ̀kì nílẹ̀ Áfíríkà fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́: AfNOG, ẹgbẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní 2000, wọ́n ṣe é ní Lomé ní 2002, wọ́n sì gbé e wá sí Àbújá ní 2007. FreeBSD wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀.

Kernel ló ń bá ẹ̀rọ gan-an sọ̀rọ̀. Òun ló ń pín mẹ́mọ́rì, òun ló ń ka dísíìkì. Userland ni ìyókù tí ọwọ́ wa ń tó: shell tí à ń tẹ àṣẹ sí, ls, cp, àti àwọn láíbìrì tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ekùrọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ tí Òyìnbó fún kernel, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ekùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Ní ti Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, kernel nìkan ni. Ibòmíì ni userland ti ń wá. Ní FreeBSD, inú /usr/src kan náà ni source code àwọn méjèèjì wà, wọ́n sì jọ ń dàgbà ni.

Láti sọ FreeBSD dọ̀tun, ẹ fi git gba source code náà, kí ẹ sì fi --depth 1 sí i kó má baà kó ìtàn ọdún gbọọrọ wọlé. Dátà wọ́n, bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì já lójú ọ̀nà, ìbẹ̀rẹ̀ ni git clone yóò padà sí. Ẹ ka fáìlì UPDATING kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíì.

make buildworld, tó ń kọ́ userland, àti make buildkernel, tó ń kọ́ kernel, lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Inú /usr/obj ni gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ń lọ. Ó dà bí ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ilé tuntun sẹ́yìnkùlé: ilé tí à ń gbé kò tíì mira. Ìdí nìyẹn tí iná tó lọ kò fi bà á jẹ́. Bí ẹ bá fi -DNO_CLEAN kún àṣẹ náà nígbà tí iná bá dé, kò ní da èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ nù.

make installkernel ló kàn, lẹ́yìn náà kí ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn sórí kernel tuntun kí ẹ tó fọwọ́ kan userland. Kí ló dé? Gbogbo ohun tí userland bá fẹ́, ọwọ́ kernel ló ti ń tọrọ rẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan tó lè tọrọ ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí FreeBSD ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń fi nọ́ńbà tuntun kún un, wọn kì í sì í sábà mú ti àtijọ́ kúrò. Kernel tuntun gbọ́ èdè àtijọ́. Kernel àtijọ́ kò gbọ́ èdè tuntun: ètò tó bá fi nọ́ńbà tí kò mọ̀ bá a sọ̀rọ̀ yóò kú lójú ẹsẹ̀, "Bad system call" lẹ ó sì rí. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ó lè jẹ́ sh àti cp ló kú, irinṣẹ́ tí ẹ ò bá fi tún un ṣe gan-an.

Bí kernel tuntun bá kọ̀ láti dìde, ti àtijọ́ ṣì wà ní /boot/kernel.old. Bó bá dìde, ẹ tẹ uname -KU. Nọ́ńbà kernel àti ti userland ni yóò jáde. Bí wọn ò bá dọ́gba nísinsìnyí, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ wọ single-user, ipò tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń lo ẹ̀rọ, kí ẹ ṣe etcupdate -p, torí installworld lè nílò orúkọ aṣàmúlò tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni kí bátìrì ti kún, tàbí kí ínfátà wà nítòsí. installworld kì í pẹ́ bí buildworld, àmọ́ òrùlé ilé tí à ń gbé ló ń ṣí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni etcupdate -B. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó bá béèrè lórí fáìlì tí ẹ ti fọwọ́ ara yín tún ṣe. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ tẹ uname -KU lẹ́ẹ̀kan sí i: ó yẹ kí nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba wàyí.

Ẹ lè wá ṣe make delete-old. Ní ti make delete-old-libs, ẹ dúró ná. Àwọn ètò tí ẹ ti fi pkg kó sórí ẹ̀rọ ṣì lè máa lo láíbìrì àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n dọ̀tun.