Ta ló ń gba ajílẹ̀ ìjọba? Ẹ lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri!

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ báyìí, rédíò á gba á kan pé ìjọba ti ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á ní ajílẹ̀ ti dé, wọ́n á ní owó ti jáde. Àmọ́ kéèyàn bi àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ n'Ílobù, tàbí èyí tó ń ru iṣu lọ sọ́jà n'Ífọ́n-Ọ̀ṣun, pé, "Bàbá, ṣé ó kàn yín?" Bàbá á ní, "Ọmọ mi, àwọn wo tiẹ̀ ni wọ́n fún?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn wo ni wọ́n fún?

Kì í ṣe àhesọ o. Dókítà Akinwumi Adesina, tó ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015, fẹnu ara ẹ̀ sọ pé lábẹ́ ètò àtijọ́, nínú àgbẹ̀ 100, nǹkan bíi 11 péré ni ajílẹ̀ ẹ̀dínwó ìjọba ń dé ọwọ́ wọn. Àwọn alágbàtà àtàwọn tó mọ ẹni ńlá ló ń kó ìyókù lọ.

Ní 2012, Adesina gbé ètò tuntun dé. Wọ́n kọ orúkọ àgbẹ̀, wọ́n gba nọ́ńbà fóònù wọn. Ìjọba á san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì, àgbẹ̀ á san ìdajì tó kù, iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù ló sì máa fi gbẹrù lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ìyẹn dáa ju ti àtijọ́ lọ, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ wà, aládùúgbò ò rí i. Nígbà tó di November 2015, Ààrẹ Buhari ṣí ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ ti báńkì àpapọ̀ ní Kebbi. Owó tó bá a lọ lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ta ló rí ìwé orúkọ lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú ẹ̀?

Ẹ wo Ìlú Ọba. Lọ́dún 2005, lẹ́yìn tí òfin òmìnira ìròyìn bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìjọba tú orúkọ àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ oko síta. Háà! Àṣé Ọbabìnrin Elizabeth náà wà níbẹ̀, nítorí oko ẹ̀ ní Sandringham! Ọba ò bínú kú, ìlú ò sì dàrú. Kálukú ṣáà mọ ibi tí owó ń gbà.

Oníṣirò tó jókòó l'Ábújá ò lè mọ ẹni tó ní oko n'Ílobù. Ẹni tó báni pààlà oko ló mọ̀. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé lágbájá gba àpò 20, tí lágbájá ò sì ní ebè kan ṣoṣo, kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà á ti gbọ́. Bí àwọn kan bá ń bẹ̀rù olè, kí wọ́n má kọ nọ́ńbà báńkì síbẹ̀. Orúkọ, abúlé àti iye àpò ti tó.

Òfin sì wà nílẹ̀. Ní May 28, 2011, Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé béèrè, kò pọn dandan kó sọ ìdí ẹ̀, ọjọ́ méje sì ni wọ́n fún iléeṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Ní April 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ó de Ìrẹ́pọ̀dùn, ó de Orolu.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀, bébà kan àti bírò kan lọ̀rọ̀ yìí gbà. Ẹ kọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí káńsù, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ máa ka ọjọ́.