Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Gbọ́dọ̀ Sùn

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó oṣù. Àwọn kan wà láàárín wa tí ìyàwó, ọkọ tàbí ìyá wọn ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà, tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ṣiṣẹ́ òru tán, wọ́n á gba ọsibítù lọ láàárọ̀, wọ́n á tún padà sídìí ẹ̀rọ lálẹ́.

Àrùn yìí kì í ṣe ibà ọjọ́ mẹ́ta. Oògùn rẹ̀ tí wọ́n ń fà sí iṣan sábà máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ti iná ìtànṣán, ojoojúmọ́ ni, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò sì pọ̀ ní Nàìjíríà. Ta ni yóò mú aláìsàn lọ?

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tí ara òun fúnra rẹ̀ kò yá ní ọjọ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, kò sọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ibà ń ṣe àwọn. Àwa kò ní bá wọn wí.

Oorun ló ń bà wá lẹ́rù. Dẹ́rẹ́bà tí kò sùn, ẹ̀mí gbogbo èrò tó gbé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Paraga kò sì lè rọ́pò oorun. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tí ń gé irin ńkọ́? Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gé, ta ni yóò gbé aláìsàn dìde? Àwọn kan rò pé ìwà ìkà ni kí èèyàn sùn nígbà tí aya rẹ̀ ń jẹ̀rora. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí àbúrò tàbí àna gba òru méjì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ni òun lè ṣe, ẹ ní kó wá jókòó ti aláìsàn lọ́jọ́ Sátidé. Àdúrà nìkan kọ́. Bó bá jẹ́ ìrora ni kò jẹ́ kí ilé sùn, ẹ sọ fún dókítà: mọfíìnì wà fún un, UCH Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka tó ń mójú tó irú ìrora bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, a ó béèrè ìsinmi fún olùtọ́jú aláìsàn. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá lè bá ẹlòmíràn pààrọ̀ iṣẹ́ òru, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹni tó nílò rẹ̀, kó wá bá wa níkọ̀kọ̀. Fọ́manù kò ní gbọ́ ohun tó ń ṣe ará ilé rẹ̀ lẹ́nu wa.