Àtíbàbà Etí Òkun: Ìkéde Àwa Kọ́lékọ́lé Ìlaró

Ẹni tó bá gbọ́ pé láti Ìlaró la ti ń ṣòfin fún etí òkun lè rẹ́rìn-ín. Kò burú. Òkun ò sí nílùú wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ló ń gba Òwódé àti Àtàn lọ kọ́ ilé ìsinmi sí Àgbádárìgì, àwa bíríkìlà, káfíńtà àti ayàwòrán-ilé ni wọ́n sì ń kó dání. Ohun tójú wa rí níbẹ̀ ló mú wa sọ̀rọ̀.

Oníbàárà á na àwòrán ilé orí fóònù sí wa: gíláàsì lọ́tùn-ún lósì, irin tó ń dán. A ò ní kọ́ irú rẹ̀ mọ́. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á sọ irin di ìpẹtà, gíláàsì á sì sé atẹ́gùn tí wọ́n torí rẹ̀ wá mọ́ta. Abẹ́ igi Agia ni ajíhìnrere Freeman ti wàásù ní Àgbádárìgì ní 1842, igi náà kò sì wó títí di 1959. Ibòji lásán ni, kò sí gíláàsì, kò sí irin.

Bí a bá ń ya àtíbàbà, ìjókòó la ó máa kọ́kọ́ yà, kì í ṣe òrùlé. Níbo ni ìyá àgbà máa jókòó? Ṣé orúnkún rẹ̀ á gba àtẹ̀gùn? Níbo làwọn ọmọ ti máa gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ wọn nù? Ẹni tó ń yan ẹja kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí ẹbí. Ọjọ́ ìsinmi tiẹ̀ náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ òkun la ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìlà-oòrùn ni ìjì òjò sábà máa ń gbà yọ, nítorí náà òrùlé ibẹ̀ á wálẹ̀ débi pé àgbà á tẹrí ba wọlé. Wọ́n á ní ó rẹlẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí òjò oṣù kẹrin kọ́kọ́ dé ná.

Àgbọn olódu ni igi àjà wa, torí ikán kì í rí i jẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn la ó máa gé ọparun, a ó rẹ ẹ́ sódò kí kòkòrò má baà gbádùn rẹ̀, okùn la ó sì fi dì í. Ìṣó ń là á. A ò ní fi iyanrìn òkun po sìmẹ́ǹtì láéláé: iyọ̀ rẹ̀ á máa jẹ irin inú òpó ní kọ̀rọ̀.

A ò gbàgbé ilé-ìwé orí omi tí ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí fi igi àti ọparun kọ́ sí Makòkó l'Ékòó ní 2013. Gbogbo ayé ló yìn ín, àwa náà yìn ín. Òjò wó o ní 2016. Ẹni tó bá gbé igi sétí omi ti gba iṣẹ́ ìtọ́jú mọ́ ọn. A ó máa kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, a ó padà wá yẹ ìdè kọ̀ọ̀kan wò. A ó sì gbowó rẹ̀.

Àwọn Ègùn apẹja ń fa àwọ̀n létí òkun yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ra ilẹ̀ níbẹ̀. A ò ní ri òpó sójú ọ̀nà wọn. Oníbàárà kan ní ká fi ògiri dí i. A ti dá owó àsansílẹ̀ rẹ̀ padà fún un.