Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Ní Ẹni Tó Ni Ín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ tí kò dára. Wọ́n á ní: «Ọ̀fẹ́ ni, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?» Bí ẹnì kan bá ṣe iṣẹ́ tí kò gba owó lórí rẹ̀, wọ́n á rò pé iṣẹ́ náà kò ní ẹni tó ni ín mọ́, pé ẹni tó ṣe é kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún eré orí kọ̀ǹpútà ṣe fi hàn yín pé irọ́ ni. Mo sì fẹ́ kí a jọ mọ àwọn tí irọ́ yìí ń fìyà jẹ, àti àwọn tó ń ti ara rẹ̀ jẹun.

Kí ni wọ́n ń ṣe?

Eré orí kọ̀ǹpútà ni eré tí à ń fi ìka darí, tí àwòrán inú rẹ̀ ń rìn, tó ń jà, tó sì ń sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe é, wọ́n sì ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á lè fẹ́ fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Ó lè kọ́ ilé tuntun sí ìlú inú eré náà. Ó lè pa aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dà. Ó lè tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, ó sì lè kọ ìtàn tuntun tó gùn ju ti àtijọ́ lọ. Àfikún bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mod. Èmi yóò máa pe ẹni tó ń ṣe é ní atúneréṣe.

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1993 ni ilé iṣẹ́ id Software, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, gbé eré Doom jáde. John Carmack, tó kọ ètò rẹ̀, ya àwòrán àti ohùn inú eré náà sọ́tọ̀ kúrò lára ètò tó ń gbé e rìn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tó bá rà á lè fi tiwọn rọ́pò. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àfikún, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn. Ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ṣe kárí ayé lónìí, ibẹ̀ ló ti gbilẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀?

Púpọ̀ nínú àwọn atúneréṣe kì í gba owó oṣù lórí iṣẹ́ yìí. Lọ́sàn-án, wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé tàbí ibi iṣẹ́. Lóru, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan mọ àwòrán yà, ẹnì kan mọ orin, ẹnì kan mọ bí a ṣe ń kọ ètò. Ẹni tó mọ irinṣẹ́ rọ á rọ ọ́, àwọn yòókù á sì máa fi í ṣiṣẹ́. Àáró ni wọ́n ń ṣe: bá mi ro oko mi lónìí, kí n bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Òfin wọn kò pọ̀. Bí o bá fẹ́ lo iṣẹ́ ẹlòmíràn, tọrọ àyè. Bí ó bá fún ọ ní àyè, dárúkọ rẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é mọ́, sọ fún àwọn ènìyàn, kí o fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ wo eré Skyrim, tí ilé iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní 2011. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ náà kò tún ṣe, àwọn atúneréṣe kó o jọ, wọ́n tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rò ó wò. Oníṣòwò ta aṣọ fún ọ, aṣọ náà ya, aládùúgbò rẹ ló bá ọ rán an, kò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ. Kí ló yẹ kí o sọ fún aládùúgbò náà?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ fún un rèé: «Èé ṣe tí kò tíì parí? Èyí kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tún un ṣe kíákíá.» Àwọn mìíràn á bú u. Àwọn mìíràn á mú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á gbé e síbòmíràn bí ẹni pé tiwọn ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn wọ̀nyí tún burú ju aláìdúpẹ́ lọ, nítorí wọ́n jẹ oore tán, wọ́n sì ń bú olóore.

Onílẹ̀ tó fẹ́ gba irè oko

Ìwà àwọn oníbàárà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ti àwọn ilé iṣẹ́.

Ní 1998, ilé iṣẹ́ Valve ta eré Half-Life. Ní oṣù Kẹfà 1999, Minh Le, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kánádà, àti Jess Cliffe gbé àfikún kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pè é ní Counter-Strike. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀. Ní 2000, Valve ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì gba àwọn méjèèjì sí iṣẹ́. Onílẹ̀ rí i pé igi tí àlejò gbìn ti so, ó sì bá a dúnàá-dúrà. Èmi kò ní ẹjọ́ lórí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ Blizzard ta Warcraft III ní 2002. Ní 2003, atúneréṣe kan tó ń jẹ́ Eul lórí kọ̀ǹpútà ṣe eré tuntun kan nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DotA. Nígbà tó fi í sílẹ̀, àwọn mìíràn gbà á, wọ́n ń tún un ṣe lọ. Valve pe ọ̀kan nínú wọn, ó sì gbé Dota 2 jáde ní 2013. Ní 2021, owó ẹ̀bùn ìdíje ńlá eré yìí lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là. Blizzard rí i pé èso ilẹ̀ òun ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí ló wá ṣe? Ní oṣù Kìíní 2020, nígbà tó tún Warcraft III gbé jáde, ó kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé gbogbo eré tí ẹnikẹ́ni bá fi irinṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe, ti Blizzard ni, àti eré àti ẹ̀tọ́ orí rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko mọ̀ pé òun máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ wo ló máa dúró lẹ́bàá oko nígbà ìkórè, tí yóò ní àgbàdo tí àlejò gbìn, ẹ̀gẹ́ tó gbìn, àti orúkọ tó fi pe oko náà, tòun ni gbogbo wọn? Bí onílẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò tún wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ilé iṣẹ́ Rockstar náà wà níbẹ̀. Ní 2015, ó ti ọ̀nà mọ́ àwọn tó ṣe FiveM, àfikún tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa ṣe eré Grand Theft Auto V ní ìlànà tiwọn. Ní 2023, Rockstar yìí kan náà gba ẹgbẹ́ tó ń ṣe FiveM wọlé. Àwọn tí wọ́n kà sí arúfin lánàá ló di alábàáṣiṣẹ́ lónìí. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yí padà. Èrè tí ilé iṣẹ́ náà rí níbẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ owó

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 2015, Valve àti Bethesda ní kí àwọn atúneréṣe Skyrim máa ta àfikún wọn. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ máa gbà. Ìdá 75 yòókù, ti ilé iṣẹ́ méjèèjì ni. Ariwo ta. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ́jà sì lo nǹkan tí ẹlòmíràn ṣe láìgba àyè, wọ́n ní láti mú un kúrò kíákíá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, ilé iṣẹ́ méjèèjì pa ọjà náà tì, wọ́n sì dá owó àwọn tó rà padà.

Àwọn kan bínú nítorí pé ìpín náà kò dọ́gba. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó ro oko kò gbọdọ̀ gba ìdá kan kí onílẹ̀ àti ọlọ́jà gba ìdá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ní kò yẹ kí atúneréṣe gba owó rárá láéláé, wọ́n sì bú àwọn tó gbìyànjú láti gbà á. Àwọn yẹn kò sọ òótọ́. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni kí wọ́n máa jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ títí. Ẹni tó bá fẹ́ ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó tà á, bí kò bá ti kó ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Nick Pearce, agbẹjọ́rò kan ní Australia, ṣe àfikún Skyrim kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2015, tó pè ní The Forgotten City. Ó gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Australia ní 2016. Ó fi iṣẹ́ òfin sílẹ̀, ó sọ ọ́ di eré tó dá dúró, ó sì gbé e jáde ní 2021. Ta ló jẹ́ sọ pé kí ó má jẹ èrè rẹ̀?

Èsì sí àwọn alátakò

Wọ́n ní: «Kò sí ẹni tó fipá mú wọn.» Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fipá mú ẹni tó ń gbá ọ̀nà odò láràárọ̀. Ṣé nítorí náà ni a ó ṣe máa da ìdọ̀tí sí i lẹ́sẹ̀?

Wọ́n ní: «Ilé iṣẹ́ ló ni eré.» Ó ni tirẹ̀. Kò ni ti ẹlòmíràn. Ó sì ń jẹ èrè lára iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí. Skyrim ti 2011, wọ́n tún un gbé jáde ní 2016 àti ní 2021, wọ́n ń rí i tà, nítorí àwọn atúneréṣe kò jẹ́ kí ó gbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ta ni wọ́n ń rò mọ́ ọn? Ní oṣù Kẹrin 2024, Bethesda pa Fallout 4 dà. Àwọn olùfara-ẹni-ṣiṣẹ́ tó ń ṣe Fallout: London lọ́fẹ̀ẹ́ ti fẹ́ gbé iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jáde lóṣù yẹn gan-an. Wọ́n ní láti dúró di ọjọ́ 25 oṣù Keje.

Wọ́n ní: «A kì í fi òfin sí ẹ̀bùn.» Bí mo bá fún ọ ní aṣọ, tìrẹ ni, ṣùgbọ́n o kò lè ní ìwọ lo hun ún. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà sì ju aṣọ lọ. Ẹni tó gba ẹyọ kan lè pín in di ẹgbẹ̀rún, ó sì lè pa orúkọ ẹni tó ṣe é rẹ́ lára gbogbo wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn atúneréṣe náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ẹlòmíràn á bínú, á sì fa iṣẹ́ rẹ̀ yọ lójijì, nígbà tí ogún ènìyàn ti kọ́ ilé lé e lórí. Ní oṣù Keje 2021, Nexus Mods, ọ̀kan lára àwọn ibi ńlá tí wọ́n ń kó àfikún jọ sí, kéde pé ẹnikẹ́ni kò ní lè pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ pátápátá mọ́. Wọ́n fún àwọn tí kò gbà ní àkókò láti kó tiwọn lọ, àwọn kan sì kó o lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ti bá ni ṣe àáró kò yẹ kó padà wá hú ebè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí àdéhùn padà gbọ́dọ̀ fún ènìyàn láyè láti lọ. Àyè tí wọ́n fún wọn yẹn, òun ló dára nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ó kàn wá. Nínú eré Minecraft, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ènìyàn lè yàn. Àwọn olùfara-ẹni-ṣiṣẹ́ ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó mọ èdè yìí kọ, tí wọ́n sì mọ kọ̀ǹpútà lò, lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ eré mìíràn. Kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n ka ìwé àdéhùn dé ìparí. Ìwé náà máa ń gùn, wọ́n sì máa ń ní kí a kàn tẹ ibi tí a ti gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba oko lọ́wọ́ ènìyàn. Ìdí kan rèé tí a fi ń kọ́ ìwé: kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ohun tí a kò kà gba ohun tí a ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ẹ gba ìṣákọ́lẹ̀ yín, ẹ fi irè sílẹ̀ fún ẹni tó gbìn ín, bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ, ẹ rà á. Ẹ̀yin tó ń lo iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ dárúkọ, ẹ tọrọ àyè. Ẹ̀yin atúneréṣe, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ kedere, kí ẹ sì sọ ẹni tí yóò gbà á bí ọwọ́ yín bá rẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.