Bí A Bá Ṣèèṣì San Owó Orí Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí jẹ mọ́ àpò wa. Ọ̀rọ̀ owó orí ni, pàápàá jù lọ èyí tí ènìyàn ṣèèṣì san lẹ́ẹ̀mejì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ni í ká ọwọ́ lérí, tí í sì í wí pé ohun tí ó bá ti wọ àpò ìjọba kò lè jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ san ju bí ó ti yẹ lọ, owó yín ni, òfin sì fi àyè sílẹ̀ láti béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ni í rí tirẹ̀ gbà.

Owó orí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan obìnrin. Láyé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní Abẹ́òkúta, a ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ìnira náà pọ̀ jù, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde ní 1947, Ìyáàfin Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ṣe aṣíwájú wọn, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní oṣù kìíní 1949. Lóde òní, olúkúlùkù, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó ń san owó orí lórí ohun tí ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀. Èyí tí ọkọ san lórí owó tirẹ̀ kò bo ti aya. Nítorí náà, kò yẹ kí obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ máa wí pé, "Bàbá àwọn ọmọ ni ó mọ̀ nípa rẹ̀."

Báwo ni ènìyàn ṣe ń san án lẹ́ẹ̀mejì? Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti obìnrin tí ń gba owó oṣù, tí ó sì tún ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan tí ń gba ₦150,000 lóṣù, tí ó sì ń rán aṣọ ní ìrọ̀lẹ́. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ìjọba kì í gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ó bá wọlé fún ènìyàn láàárín ọdún. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, náírà 15 ni ìjọba ń gbà nínú 100. Owó oṣù olùkọ́ wa yìí jẹ́ ₦1,800,000 lọ́dún. Bí a bá yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦1,000,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò sì máa yọ ọ́ ní ₦12,500 lóṣooṣù kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Mo fi owó ìfẹ̀yìntì àti ẹ̀dínwó tí òfin ń fúnni nítorí owó ilé sílẹ̀ ná, kí ìṣirò wa lè rọrùn.

Nígbà tí ó yá, báǹkì tí ó fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ó ti san owó orí ọdún mẹ́ta. Ó gbéra, ó di ọ́fíìsì owó orí. Wọ́n bi í léèrè ohun tí ń wọlé fún un, ó sì ka owó oṣù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ₦300,000 tí ó jèrè nínú aṣọ rírán. Akọ̀wé ṣírò ₦2,100,000, ó sì ní kí ó san ₦195,000. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kò mú ìwé owó oṣù rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó rántí ₦150,000 tí ilé-ẹ̀kọ́ ti yọ. ₦45,000 péré ni ó kù tí ó yẹ kí ó san. Èyí tí ó fi lé e jẹ́ owó oṣù kan gbáko. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó oṣù kan ń ṣe nínú ilé: oúnjẹ wà nínú rẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, oògùn ibà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní òmíràn. Àìmọye ènìyàn ni ó ń jí ní kùtùkùtù ní Ọ̀tà, ní Mowé tàbí ní Ìbàfò láti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Erékùṣù Èkó. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn fi ṣe ibùgbé ni owó orí owó oṣù rẹ̀ tọ́ sí. Bí ọ̀gá iṣẹ́ bá wá ń san tiyín fún Èkó, tí ẹ sì tún san án fún Ògùn nígbà tí wọ́n béèrè, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.

Ọ̀nà kẹta ni ti ìkánjú. Ẹ fi fóònù sanwó, ẹ kò rí èsì, ẹ rò pé kò lọ, ẹ sì tún un san. Tàbí kí ọkọ ti bá yín san án ní òwúrọ̀, kí ẹ̀yin náà sì lọ san án ní ọ̀sán nítorí pé ẹ kò bá ara yín sọ ọ́.

Kí ni ṣíṣe nígbà náà? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má ṣe bínú lọ sí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ àwọn ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sì wò wọ́n dáadáa. Orúkọ ta ni ó wà lórí wọn? Ọdún wo ni a san owó náà fún? Owó orí ti 2025 àti ti 2026 kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ẹ tilẹ̀ san méjèèjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà nítorí ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni VAT tí ẹ san lórí ọjà. Ẹ tún yẹ nọ́ńbà wò. Láti 2026, nọ́ńbà NIN ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó orí. Bí ọ̀kan nínú owó náà bá wà lábẹ́ nọ́ńbà ẹlòmíràn, kò tíì di owó ẹ̀ẹ̀mejì. Owó tí ó ṣìnà ni, àtúnṣe tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Bí ó bá dá yín lójú pé ẹ san án lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, ẹ wádìí ibi tí owó kejì wà. Bí ó bá jẹ́ ti fóònù tàbí ti báǹkì, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè bóyá owó kejì dé ọwọ́ ìjọba tàbí kò dé ibẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, báǹkì ni yóò dá a padà fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ yín ni ó yọ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ lọ bá akọ̀wé owó. Bí ọdún kò bá tíì parí, ó lè tún un ṣe nínú owó oṣù tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí owó méjèèjì bá ti wọ àpò ìjọba, ìwé ni ẹ óò kọ sí ọ́fíìsì tí ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ tí ó gba owó náà.

Ìwé náà kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti nọ́ńbà yín sí i. Ẹ kọ ọdún tí owó orí náà jẹ́ tirẹ̀, iye tí ẹ san ní ìgbà kìíní àti ní ìgbà kejì, ọjọ́ tí ẹ san wọ́n, àti nọ́ńbà tí ó wà lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an: yálà kí wọ́n dá owó náà padà, tàbí kí wọ́n kà á sí owó orí tí ẹ óò san ní ọdún tí ń bọ̀. Èyí èkejì a máa yá ju ti ìṣáájú lọ nígbà mìíràn, nítorí pé owó kò ní í ti àpò ìjọba jáde. Ẹ so ẹ̀dà rìsíìtì àti ti ìwé owó oṣù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ méjì ni kí ó fi rìsíìtì owó ilé tàbí ti iná mànàmáná sí i, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó ń gbé. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà kan dání lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i fún yín. Láìsí òǹtẹ̀ yìí, wọ́n lè wí lọ́la pé àwọn kò rí ìwé kankan gbà.

Ó lè pẹ́ díẹ̀, nítorí pé wọn yóò yẹ ìwé tiwọn wò. Ẹ máa lọ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa kọ orúkọ ẹni tí ó dá yín lóhùn àti ọjọ́ tí ó dá yín lóhùn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn rárá, òfin tí a ṣe ní 2025 ti dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀ láti máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí ń san owó orí.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní ni àwọn tí ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, tí wọ́n ń wí pé kí ẹ mú nǹkan wá kí àwọn lè bá yín gba owó náà jáde. Ẹ má ṣe fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ má sì san owó orí sínú àpò báǹkì aládàáni kankan. Èkejì ni pé kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín gba ẹ̀tọ́ yín nípa kíkọ̀ láti san ti ọdún tí ń bọ̀. Bí wọn kò bá tíì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé àwọn gbà, gbèsè ni wọn yóò kà á sí.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa ọkọ. Owó tí ó sọnù báyìí a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ọkọ a ní aya ni kò sọ̀rọ̀, aya a ní ọkọ ni kò béèrè. Ìjà náà kò ní dá kọ́bọ̀ kan padà. Ẹ jọ jókòó, kí ẹ jọ ka ìwé náà, kí ẹni tí ó bá mọ̀wé kọ jù kọ ọ́. Bí owó náà bá ká ilé lára lóṣù yẹn, ẹ jọ pinnu ohun tí ó lè dúró, aṣọ ẹbí ni o tàbí àga tuntun, kí oúnjẹ àwọn ọmọ má baà dín kù.

Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ ra fáìlì kan, kí ẹ kọ "OWÓ ORÍ" sí i lára. Ìwé owó oṣù, rìsíìtì àti ìwé báǹkì kò gbọdọ̀ wà níbòmíràn, kí ẹ sì tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́fà ó kéré tán. Lọ́dọọdún, òfin ń fẹ́ kí ènìyàn fi ohun tí ó wọlé fún un ní ọdún tí ó kọjá hàn kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ gbé fáìlì yìí dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ohun tí ilé-iṣẹ́ ti yọ hàn wọ́n kí wọ́n tó ṣírò. Bí ó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fi sanwó, tí èsì kò sì wá, ẹ wo ìwé báǹkì yín kí ẹ tó tún un san.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wo ibi tí rìsíìtì owó orí yín ti èṣí wà. Bí ẹ kò bá rí i, ọ̀la ni kí ẹ lọ gba ẹ̀dà rẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀, kí Ọlọ́run bá wa dá àpò wa sí.